Bí o ṣe lè múra sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ engineering manager

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń já kulẹ̀ nínú intafíù iṣẹ́ engineering manager, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí tíìmù àwọn ẹnjiníà tó ń kọ kóòdù, kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ọwọ́ wọn dá nínú kóòdù, wọ́n ti ń kọ ọ́ fún ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́wàá, àwọn náà sì ni ilé-iṣẹ́ wọn ń sáré pè tí nǹkan bá bàjẹ́. Ohun tó ń gbé wọn ṣubú ni pé bí ẹni tó fẹ́ lọ kọ kóòdù ni wọ́n ṣe múra: oṣù kan lórí LeetCode (ìkànnì tí wọ́n ti ń fi ìbéèrè kóòdù dánra wò), ọ̀sẹ̀ méjì lórí system design (bí a ṣe ń to ètò ẹ̀rọ ńlá kalẹ̀ kí a tó kọ ọ́), kò sí wákàtí kan péré lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n ti bá ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá wá bi wọ́n pé, "Ta ni o ti tọ́ sọ́nà tó fi gba ìgbéga?", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

Lọ́dún 2008 ni Google bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Project Oxygen, láti mọ̀ bóyá ọ̀gá tiẹ̀ wúlò fún àwọn ẹnjiníà rárá. Ìwà mẹ́jọ ni wọ́n rí lára àwọn ọ̀gá tó dáńgájíá. Títọ́ ọmọ iṣẹ́ sọ́nà ló ṣíwájú. Ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ló gbẹ̀yìn. Ìyẹn ò sọ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ò ṣe pàtàkì, torí ẹni tí kò ní i kò ní dé iwájú àwọn tó ń bi ìbéèrè. Ó kàn jẹ́ kí a mọ ibi tó yẹ kí ọ̀pọ̀ wákàtí ìmúra lọ ni. Tí o bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fi ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ sórí ìtàn iṣẹ́ rẹ àti ọ̀rọ̀ ènìyàn, fi ọ̀sẹ̀ kan sórí system design, kí ọjọ́ tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ ti ìdánrawò.

1. Mọ irú ọ̀gá tí wọ́n ń wá

Orúkọ oyè yìí kan náà ni, iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ ò dọ́gba. Ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Yaba, engineering manager lè jẹ́ ẹni tó ń kọ kóòdù láàárọ̀, tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ lọ́sàn-án, tó tún ń dá oníbàárà lóhùn lálẹ́. Ní báńkì ńlá, ó lè jẹ́ pé àárín àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún báńkì àti àwọn ọ̀gá àgbà ni yóò máa sáré sí, tí kò ní fọwọ́ kan kóòdù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti Amẹ́ríkà, àwọn ẹnjiníà bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì máa fi wọ̀n ọ́n ni bí àwọn yẹn ṣe ń ṣe sí.

Nígbà tí recruiter, ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, bá kọ́kọ́ pè ọ́, má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa bi ìbéèrè. Bi í pé: Ènìyàn mélòó ló máa wà lábẹ́ mi? Ṣé tíìmù náà ti wà nílẹ̀, àbí èmi ni mo máa kó wọn jọ? Ṣé ẹnì kan ló fi ipò náà sílẹ̀, kí ló sì gbé e lọ? Ìpele mélòó ni intafíù náà, kí ni wọ́n ń wò ní ìpele kọ̀ọ̀kan? Ṣé wọ́n máa ní kí n kọ kóòdù? Recruiter fẹ́ kí o yege, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ náà ti ń lọ déédéé. Bí o bá sáà lè bèèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ ju ohun tí o retí lọ.

Ètò tó wọ́pọ̀ ni pé recruiter á kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ á pè ọ́. Tí ìyẹn bá fara mọ́ ọ, wọ́n á to ìpàdé mẹ́ta sí márùn-ún tẹ̀ léra wọn: ọ̀kan lórí bí o ṣe ń darí ènìyàn, ọ̀kan lórí iṣẹ́ ńlá kan tí o ti ṣe parí, ọ̀kan lórí system design, ọ̀kan pẹ̀lú product manager (ẹni tó ń pinnu ohun tí tíìmù máa kọ́ fún oníbàárà), àti kóòdù nígbà mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ní àṣà tiwọn. Amazon ní ìlànà 16 tí wọ́n ń pè ní Leadership Principles, méjì tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ wọlé ní 2021, orí àwọn ìlànà yìí sì ni ìbéèrè ìwà àti ìṣe wọn dúró lé. Wọ́n tún máa ń fi ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Bar Raiser sáàárín àwọn tó ń bi ọ́ léèrè. Ẹni yẹn ò sí nínú tíìmù tó ń wá òṣìṣẹ́, ó sì láṣẹ láti sọ pé rárá, kódà bí gbogbo àwọn tó kù bá fẹ́ràn rẹ. Tí ibẹ̀ lo ń lọ, wá ìtàn méjì méjì fún ìlànà kọ̀ọ̀kan.

2. Kó ìtàn iṣẹ́ rẹ jọ

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, ibí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fò ó.

Ṣí kàlẹ́ńdà rẹ ti ọdún méjì sẹ́yìn, kí o máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ka ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ ti ọdọọdún. Wo àwọn iṣẹ́ tó fa ariwo. Bí o bá gbára lé ìrántí nìkan, ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá nìkan ni yóò máa wá sí ọ lẹ́nu. Àmọ́ o, má ṣe da ìwé àṣírí ilé-iṣẹ́ kọ sórí kọ̀ǹpútà tìrẹ. Ìwé ńlá kan àti bírò ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ìtàn mẹ́jọ tó dúró dáadáa á gbé ọ gba inú ọ̀pọ̀ ìbéèrè kọjá. Wá èyí tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn wọ̀nyí mu:

- iṣẹ́ ńlá kan tó parí, tí o sì lè sọ ohun tó jẹ́ kó parí;
- iṣẹ́ kan tó forí ṣánpọ́n;
- ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jó àjórẹ̀yìn lábẹ́ rẹ;
- ẹnì kan tó gba ìgbéga, tí ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀;
- èdèkòyédè láàárín ẹni méjì, tàbí láàárín ìwọ àti product manager;
- ìgbà tí ọ̀gá rẹ ní kí o ṣe ohun tí o kò fara mọ́;
- òru ọjọ́ tí sáfà dákú;
- ẹnì kan tí o gbà síṣẹ́, bóyá ó dára tàbí kò dára.

Tí o kò bá tíì jẹ́ mánéjà rí, má sọ pé o ò ní ìtàn. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ fún ọdún kan tó fi dẹni tó ń kọ kóòdù tó ṣeé lò, ènìyàn ni. Ìgbà tí tíìmù mẹ́ta ń ti ẹrù sí ara wọn, tí o fi pe gbogbo wọn jókòó láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọ́ jẹ oyè, ìdarí ni. Ohun tí wọn ò ní gbà ni kí o pe títẹ̀lé àṣẹ ní ìdarí.

Bí wọ́n ṣe ń to ìtàn náà kò le: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó já lé ọ léjìká, ohun tí o ṣe, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. STAR ni àwọn olóyìnbó ń pè é (Situation, Task, Action, Result). Ibi tí ìṣòro ti máa ń wà ni pé a máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ká tó dé ohun tí a ṣe, àkókò ti lọ. Jẹ́ kí apá ìkẹta gba ìdajì ìtàn náà, ó kéré tán.

Gbọ́ ìdáhùn kan ná, lórí settlement, ìyẹn fífi owó tó wọlé ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín: "A ní ìṣòro pẹ̀lú settlement. A jókòó, a sọ ọ́, a tún un kọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó yanjú."

Ẹni tó ń bi ọ́ léèrè ò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀. Ta ló jókòó? Ta ló pinnu pé kí wọ́n tún un kọ dípò kí wọ́n lẹ̀ ẹ́? Kí ni wọ́n fi sílẹ̀ láti rí àyè ṣe é? Wá gbọ́ irú èyí, tí mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ:

"Ẹni mẹ́fà ni wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ kóòdù settlement tinú tẹ̀yìn, òun náà ló ń jí lóru tó bá bàjẹ́. Ó sọ fún mi nínú ìpàdé èmi àti òun pé ó ti sú òun. Mo ka iye ìgbà tó ti bàjẹ́: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá láàárín oṣù mẹ́ta. Mo gbé e lọ bá product manager, mo ní kó jẹ́ ká dá feature méjì, ìyẹn ohun tuntun tí a fẹ́ fi kún áàpù, dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò dùn mọ́ ọn. Ó gbà fún ọ̀kan, ó kọ èkejì. Mo fi ẹni méjì ti ẹni tó mọ kóòdù náà. Mo ní àwọn méjèèjì ni kó máa kọ kóòdù náà, kí òun máa wò wọ́n, torí tó bá jẹ́ òun ló ń kọ ọ́, wọn ò ní kọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹni mẹ́ta ló ń pín on-call náà ṣe, ìyẹn jíjí tí nǹkan bá bàjẹ́, ìpè òru sì ti dín sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹni náà ṣì wà níbẹ̀. Tí mo bá tún un ṣe, mi ò ní dúró dìgbà tó bá sọ pé ó sú òun kí n tó ka iye rẹ̀."

Ẹ̀yìn irú ìdáhùn báyìí ni ìbéèrè gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? Kí lo ò bá ṣe ká ní product manager kọ méjèèjì? Kọ ìbéèrè mẹ́ta mẹ́ta tí ènìyàn lè bi sábẹ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan, kí o sì dáhùn wọn kí wọ́n tó bi ọ́.

Wọ́n tọ́ wa pé kí a má fi ẹnu ara wa yin ara wa, èyí sì ń pa wá lára nínú intafíù ju bí a ṣe mọ̀ lọ. A ó ti ṣe iṣẹ́ tó ya ni lẹ́nu, a ó ní ọlá àwọn ọ̀gá wa ni. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lórí Zoom láti London ò mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ohun tó máa kọ sílẹ̀ ni pé kò dá òun lójú pé ìwọ lo ṣe é. Kò pọn dandan kí o máa fọ́nnu. Pín iṣẹ́ náà bó ṣe rí gan-an: èmi ni mo pinnu èyí, ẹnjiníà kan lábẹ́ mi ló mú ọ̀nà yẹn wá, ọ̀gá mi ló bá wa tọrọ àyè. Mánéjà tó lè pín oyè báyìí láìgbàgbé ẹnikẹ́ni ti fi ẹ̀rí ìwà rẹ̀ hàn.

Ní ti iṣẹ́ tó forí ṣánpọ́n, má mú ìforíṣánpọ́n adùn wá. "Mo máa ń ṣiṣẹ́ jù" ti di ẹ̀fẹ̀. Mú èyí tó dùn ọ́, tí owó tàbí àkókò bá a lọ, kí o sọ ohun tí o yí padà lẹ́yìn rẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ ènìyàn

Ìbéèrè tí kò ní ṣaláì wáyé ni ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dára mọ́. Méjì ni wọ́n ń wá lẹ́ẹ̀kan náà: pé o láàánú, pé ojú àánú ò sì dí ọ lọ́wọ́ ìpinnu. Sọ bí o ṣe kọ́kọ́ pè é sẹ́yìn, tí o sọ ohun tí o rí láìfi epo bọ̀yọ̀. Sọ bí o ṣe wádìí ohun tó fà á, torí ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ ọmọ tuntun, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ gan-an ò là á yé e ohun tí o ń retí. Lẹ́yìn náà, bí ẹ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà, ìgbà tó gbọ́dọ̀ yí padà, àti bí o ṣe ń bá a wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ibi tó já sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí o sì sọ bí o ṣe bá àwọn tó kù nínú tíìmù sọ̀rọ̀ láìtú àṣírí rẹ̀. Ìdáhùn tó máa ń ba intafíù jẹ́ ni "Mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun HR." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ pé òun ò ṣe iṣẹ́ náà.

Ní àwọn ilé-iṣẹ́ wa nílé, múra fún ìbéèrè nípa ẹni tó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ ọdún 31 ni ọ́, bàbá ẹni ọdún 48 tó mọ dátábéèsì ilé-iṣẹ́ náà bí ẹní mọ owó wà lábẹ́ rẹ, kò sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ àná ń wí. Àwọn kan á ní iṣẹ́ niṣẹ́, àwọn ò mọ ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́. Irọ́ ni, ẹni tó bá ń bi wọ́n léèrè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí o sọ ibi tí ọ̀wọ̀ dúró sí àti ibi tí iṣẹ́ dúró sí. O ń kí i bó ṣe yẹ. O kì í bá a wí lójú àwùjọ. O máa ń lọ gba ìmọ̀ràn rẹ̀ kí ìpinnu tó wáyé, nítorí ó mọ ohun tí o kò mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí, kan náà ni fún gbogbo ènìyàn, òun náà sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ Britain ló ń bi ọ́ léèrè, má fi ọjọ́ orí ṣe kókó ìtàn náà rárá: Equality Act 2010 ka ọjọ́ orí mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ ya òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀. Sọ pé ẹni náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù ọ́ lọ, ó tó.

Ọ̀rọ̀ jápa náà á wáyé. Wọ́n lè bi ọ́ pé, "Kí lo máa ṣe tí ẹni mẹ́ta nínú tíìmù rẹ bá gba físà lóṣù kan náà?" Ẹni tó bá ní òun máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró kò tíì dáhùn. Sọ bí o ṣe ń rí i pé kò sí apá kóòdù kan tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo. Bí o ṣe ń mọ̀ ṣáájú, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ò bẹ̀rù láti sọ fún ọ. Bí o ṣe ń tọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kí àyè tó ṣí sílẹ̀. Ó wù mí kí ènìyàn tún fi kún un pé òun máa ń bá ẹni tó ń lọ yọ̀. Ẹni tó bá lọ tayọ̀tayọ̀ ṣì ń gbé fóònù tí o bá pè é lóru.

4. System design, lójú ẹni tó máa darí rẹ̀

Ní Èkó, ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti owó: ṣe ètò tí oníbàárà á fi máa fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn. Má sáré lọ ya àwòrán àpótí ètò náà. Bèèrè ná: mélòó lójúmọ́? Ṣé nínú Nàìjíríà nìkan ni? Tí nǹkan bá bàjẹ́, èwo ni ẹ fẹ́ fara mọ́, kó pẹ́ tàbí kó ṣìnà? Nínú ọ̀rọ̀ owó, kó pẹ́ ló sàn.

Ṣe ìṣirò rẹ sókè kí wọ́n gbọ́. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún lójúmọ́, pín in pẹ̀lú 86,400, ìyẹn iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ọjọ́ kan, wàá rí nǹkan bíi 58 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n owó kì í rìn déédéé lójúmọ́. Ìparí oṣù tí owó oṣù bá wọlé kò rí bí ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Ká sọ pé ìlọ́po mẹ́wàá ni, o ti dé 580. Iye yìí kò le fún dátábéèsì tó dára. Ibòmíràn ni ìṣòro wà.

Ìṣòro náà ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: owó ti yọ, kò sì wọlé. Áàpù rẹ yọ owó oníbàárà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà NIP ti NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, lọ sí báńkì kejì, ìdáhùn ò sì padà wá. Ṣé ó wọlé ni, àbí kò wọlé? Ẹni tó bá ní "a máa retry" (a máa tún un rán) tó sì dákẹ́ ti fi owó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni pé tiránsífà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, idempotency key, tó fi jẹ́ pé bí a bá tilẹ̀ fi í ránṣẹ́ nígbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò ṣiṣẹ́. Pé ìdáhùn tí kò dé kì í ṣe "ó kùnà", ipò kẹta ni, a ó máa pè é ní pending títí a ó fi bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Pé ìwé owó inú ètò náà jẹ́ olójú méjì: kọ́bọ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde níbì kan láì wọlé síbòmíràn. Pé lójoojúmọ́ a ó fi ìwé wa wé ti NIBSS, èyí tí kò bá bára mu á bọ́ síwájú ènìyàn, a ó sì dá owó olówó padà.

Tí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ti fojú rí nǹkan, mú ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an wá. Níbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí náírà tuntun di ọ̀wọ́n, gbogbo ìlú ya bo tiránsífà, ọ̀pọ̀ áàpù báńkì sì dákú. Ní oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já létí òkun Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì dà rú jákèjádò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bi ara rẹ pé: ètò tí mo ń yà yìí, kí ló máa ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Apá wo ló máa ṣì máa ṣiṣẹ́ bí ìlú òkèèrè ò bá ṣeé kàn sí?

Tó bá kan bí ètò náà kò ṣe gbọ́dọ̀ kú, mọ ìṣirò rẹ̀ lórí. 99.9% túmọ̀ sí pé ó lè dákú fún ìṣẹ́jú 43 nínú ọgbọ̀n ọjọ́. 99.99% jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀. Ìwọ mánéjà lo gbọ́dọ̀ sọ iye tí ìyàtọ̀ yẹn máa ná ilé-iṣẹ́, àti iye ẹni tí yóò máa jí lóru nítorí rẹ̀.

Ibí yìí ni o ti ń yà kúrò lára ẹni tó wá gba iṣẹ́ ẹnjiníà lásán. Ṣáájú kí àkókò tó tán, sọ láìjẹ́ pé wọ́n bi ọ́: ohun tí a ó kọ́kọ́ kọ́ àti ohun tí a ó fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, ohun tí a ó rà dípò ká kọ ọ́ fúnra wa, irú ènìyàn tí a nílò, mélòó, ẹni tí yóò gbé on-call. Tí dátà oníbàárà bá wà nínú rẹ̀, dárúkọ òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023, kí o sọ ẹni nínú ilé-iṣẹ́ tí o máa lọ bá nípa rẹ̀.

5. Bí iṣẹ́ ṣe ń jáde

Wọ́n máa fẹ́ mọ bí o ṣe ń mọ̀ pé tíìmù rẹ ń ṣe dáadáa. Àwọn ìwọ̀n mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní DORA ló wọ́pọ̀: iye ìgbà tí ẹ ń gbé kóòdù jáde, bó ṣe ń pẹ́ tó kí ohun tí ẹnì kan kọ tó dé ọwọ́ oníbàárà, ìdá mélòó nínú rẹ̀ ló ń bàjẹ́, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó tún un ṣe. Kọ iye tìrẹ sílẹ̀. Má ka iye ìlà kóòdù fún ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n iṣẹ́, wọ́n á wò ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

6. Kóòdù

Tí recruiter bá ní ó máa wà, fi ìṣẹ́jú 40 sí i lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nínú èdè tí ọwọ́ rẹ mọ̀ jù. Wọn ò retí kí o yára bí ọmọ ọdún 23. Wọ́n fẹ́ rí i pé o ṣì lè ka kóòdù ẹlòmíràn, kí o sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ láìfi ẹni tó kọ ọ́ ṣẹ̀sín.

7. Ìbéèrè tí ìwọ máa bi wọ́n

"Mi ò ní ìbéèrè" lẹ́nu ẹni tó fẹ́ jẹ́ ọ̀gá, àbùkù ni. Bi ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ pé kí ló máa jẹ́ kó sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé òun ò kábàámọ̀ pé òun gbà ọ́. Bi product manager pé ìgbà wo ni ẹnjiníà sọ pé rárá fún un kẹ́yìn, kí ló sì ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ kí o bá ọ̀kan nínú àwọn tí yóò wà lábẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, bi í pé kí ló ń bí i nínú jù níbẹ̀. Ìdáhùn ìkẹta yìí ni mo máa ń gbà gbọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

8. Ìdánrawò àti ọjọ́ náà gan-an

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bi ọ́, nítorí náà ẹnu ni kí o fi dánra wò, kì í ṣe ojú. Gba ohùn rẹ sílẹ̀ lórí WhatsApp, fi ránṣẹ́ sí ara rẹ, kí o gbọ́ ọ lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ìtàn tó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, gé e. Wá ẹnì kan tó ti jẹ́ mánéjà kó bi ọ́ léèrè fún wákàtí kan, kó sì máa já ọ lẹ́nu, torí wọ́n á já ọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn rẹ jù kò dára fún iṣẹ́ yìí.

Aago Nàìjíríà kì í yí, ti òkèèrè ń yí. Láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, Èkó àti London jọ wà ní aago kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, London á fi wákàtí kan gbẹ̀yìn. New York ń fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà gbẹ̀yìn wa, San Francisco mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Aago mẹ́wàá àárọ̀ wọn lè jẹ́ aago méje alẹ́ rẹ, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lọ́wọ́. Wá ibi tó dákẹ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Rí i pé inverter ti kún, pé nẹ́tíwọ̀kì méjì wà lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì ní nọ́ńbà recruiter lórí fóònù bí gbogbo rẹ̀ bá dákú.

Ní ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tí àgbàlagbà bá jókòó síwájú rẹ, "sà" àti "mà" ò lè pa ọ́ lára. Níwájú àwọn ará òkèèrè, orúkọ tí wọ́n bá fi pe ara wọn ni kí o pè wọ́n.

9. Owó

Má dárúkọ iye kí o tó mọ irú àdéhùn tó jẹ́. Òṣìṣẹ́ gidi tí wọ́n ń san pẹ́ńṣàn àti ìṣègùn fún kò dọ́gba pẹ̀lú contractor tó ń gba dọ́là, tí yóò san owó orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì lè dá dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bèèrè bóyá iye tí wọ́n sọ jẹ́ kí owó orí tó jáde tàbí lẹ́yìn rẹ̀, owó wo ni wọ́n máa fi san án, náírà tàbí dọ́là, àti bóyá wọ́n ń ṣàtúnṣe rẹ̀ bí náírà bá já wálẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn máa gbé ọ lọ Britain, wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú ìwé orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ fún láṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè. Gbangba ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó dé ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé wọn. Bí àdéhùn rẹ àtijọ́ bá sì ní kí o fún wọn ní oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta kí o tó lọ, sọ ọ́ fún àwọn tuntun kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀.